Awẹ́ Méjì Lọ́fun Àgbò

Ẹsẹ̀ Àsùmáù ta sókè bí ẹsẹ̀ tata, Lassissi ọkọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lórí àga nínú ilé ìwòsàn Bassila, ó kọjú sí ògiri, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sẹ́yìn. Dókítà Adamou fi òòlù kékeré onírọ́bà kan iṣan òkè gìgísẹ̀ rẹ̀. Lóṣù méjì sẹ́yìn, lórí àga yìí kan náà, ẹsẹ̀ yẹn rọra ń padà sí ipò rẹ̀ bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní ìkírun. Ọjọ́ náà ni dókítà sọ pé, "Àìsàn yìí kò sí lẹ́sẹ̀. Ọ̀fun ló wà." Ẹnu ya Lassissi. Ta ló ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí ó tó mọ̀ pé ara ẹni tó wà ní iwájú ilé kò yá?

Ṣùgbọ́n lónìí tí ẹsẹ̀ fò, dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un kàn. Ẹsẹ̀ tún fò. Ó ní kí Àsùmáù jókòó, kí ó na ọwọ́ síwájú, ó sì tẹ́ abala ìwé kan lé e níka. Ìwé náà ń gbọ̀n rìrì, bẹ́ẹ̀ fèrèsé wà ní títì. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ aago.

"Ọkàn yín ń lù ju ọgọ́fà lọ ní ìṣẹ́jú kan," ni ó wí. "Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kò pé àádọ́ta."

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni dókítà yìí, òun àti wọn sì gbọ́ èdè ara wọn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dakar ni àwọn Faransé rán an lọ kọ́ iṣẹ́, kò nílò ògbufọ̀ láàárín òun àti àwọn ará Manigri bíi Lassissi. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Àsùmáù, tó ti Dakar dé, wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ti kà á fún wọn nígbà tí wọ́n wọlé: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, àìsàn tí òun fura sí náà ni. Ẹran kékeré kan wà ní ọ̀fun tó ń dá iná ara. Ti Àsùmáù ti ń kú lọ.

Kò sẹ́ni tó nílò ìwé kí ó tó mọ̀ pé iná náà ń kú. Fún ọdún méjì, Àsùmáù ń ró aṣọ méjì nínú oòrùn ọ̀sán. Ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ di ti ọkùnrin, oorun kò sì tó o. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná fún ọjọ́ méjì, ẹnikẹ́ni kò lè jí i, wọ́n tiẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́ fún sàréè. Èyí tó dun Lassissi jù ni pé ìyàwó rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Àsùmáù, tí gbogbo Manigri mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ lọ, wá di ẹni tó ń wo ènìyàn láìsọ̀rọ̀.

Hóró oògùn tí dókítà fún wọn lóṣù méjì sẹ́yìn kéré ju èékánná lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kí ó máa lò láràárọ̀, kó tó jẹun. Lassissi, tí kì í gba ẹran gbọ́ bí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti gé e, béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe oògùn náà.

"Ọ̀fun àgùntàn," ni dókítà wí. "Ẹran méjì kan wà lábẹ́ gògóńgò rẹ̀. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́."

Alápatà ni Lassissi. Ó mọ̀ wọ́n! Awẹ́ méjì ni, bí awẹ́ obì pupa, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí. Gbogbo ara àgbò ló ní orúkọ àti ẹni tó ni ín: ọrùn jẹ́ ti ẹni tó pa á, igẹ̀ jẹ́ ti àna. Àwọn méjì yìí nìkan ni kò lórúkọ, tí kò sì lẹ́ni tó ni wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń jù wọ́n fún ajá. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á níbi tó jókòó sí. Ṣé ohun tí kò tó ìka méjì ni iná ara ènìyàn ń gbé? Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, òun sì ti ń rò láti kékeré pé ọ̀jẹun ni wọ́n ń fi bá wí.

Ibẹ̀ náà ló ti ṣìnà. Bí ìyẹ̀fun gbígbẹ bá lè ṣiṣẹ́, tútù ńkọ́? A kì í jókòó létí odò ká máa fi itọ́ fọwọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, àgbò yòówù tí Lassissi bá pa, ajá kò rí ìpín rẹ̀ mọ́. Á gé awẹ́ méjèèjì wẹ́wẹ́, á pò ó mọ́ ẹ̀dọ̀, á yan án, á sì gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀dọ̀ rèé, Ìyá Roukayatou. Jẹ ẹ́ tán." Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni yóò ṣe sọ pé oúnjẹ ajá ni òun ń fún aya òun?

Kí oṣù tó pé, Àsùmáù bọ́ aṣọ kejì sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wo fìlà orí Lassissi, ó ní ó jọ ìdérí ìkòkò. Lassissi lọ sẹ́yìn ilé, ó sunkún ayọ̀. Pé obìnrin náà kì í sùn mọ́, pé ọwọ́ rẹ̀ ń da ọbẹ̀ sílẹ̀, kò kà á sí nǹkan kan.

"Mélòó lẹ ń lò láràárọ̀?" ni dókítà ń béèrè báyìí.

"Ìdá kan nínú mẹ́rin, bí ẹ ṣe wí," ni Àsùmáù dáhùn.

Dókítà gba ìgò oògùn tí wọ́n gbé wá, ó da inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó kà á. Ó pé bó ṣe yẹ. Ó wo ìwé Dakar, ó wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó sì mí kanlẹ̀.

"A jẹ́ pé ara yín kò gba oògùn yìí. Bí ọkàn bá ń sáré báyìí lọ, ọjọ́ kan ni yóò dákẹ́. Mo ní láti dá a dúró."

"Kí lẹ máa fún un dípò rẹ̀?" ni Lassissi bi í.

"N kò ní òmíràn, bàbá."

Ó kó àwọn hóró náà padà sínú ìgò, ó gbé ìgò sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Oṣù méjì péré ló kù kí ọyẹ́ dé. Lassissi fojú inú rí iná ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rí Àsùmáù tó ká kò síbẹ̀, tí wọ́n ń pè é tí kò dáhùn. Ó bojú wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà tẹjú mọ́lẹ̀, ó pa ètè dé. Ìtìjú mú Lassissi.

"Dókítà, ẹ ṣí i padà," ni ó wí. "Oògùn yín kò ṣẹ̀. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹran mélòó lọ́sẹ̀?"

"Mẹ́ta. Nígbà mìíràn, mẹ́rin."

"Inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ rí ibi tí nǹkan yẹn wà, lórí àwòrán," ni dókítà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin ń dì í mú lọ́wọ́ ní gbígbóná." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ le. "Bàbá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó yín. Iná tó ń se ọbẹ̀ náà ló ń jó ilé."

"Wàláì, n kò mọ̀."

Dókítà ṣí dúrọ́ọ̀. Ó ní kí Àsùmáù má lo nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ti àgbò kọ́kọ́ tán lára rẹ̀, kí wọ́n sì padà wá kí òun tún kan gìgísẹ̀ náà. Bí ọkàn bá ti rọlẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò tún fi bẹ̀rẹ̀, fún oṣù kan gbáko. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì ń falẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, yóò di ìdajì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Ọjọ́ tí wọn yóò sì dá a dúró kò sí, títí ayé ni. Ó na abẹ kan àti hóró oògùn kan sí Lassissi. "Ẹ gé e kí n rí i."

Alápatà tó ń pín odidi màlúù láìwo ẹ̀yìn wá ń làágùn lórí ohun tí kò tó èékánná. Ó gé e sí mẹ́rin. Dókítà gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kékeré rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kò sì mira. Ó mi orí. "Ọwọ́ yìí," ni ó wí, kò sì parí rẹ̀.

Wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Bassila, wọ́n dójú ọ̀nà Manigri, kí Àsùmáù tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀ kì í le lẹ́nu báyẹn, Bàbá Roukayatou."

Lassissi fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. "O mọ̀?"

"Ìyàwó alápatà ni mí. Láti òkèlè àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tó o fi ń jẹ ẹ́?"

"Ẹ máa ń dúró tì mí títí mo fi ń jẹ ẹ́ tán. Mo ń rí ojú yín."

"Nígbà tí dókítà bi ọ́ ńkọ́? Ó ti tì í mọ́ dúrọ́ọ̀, Àsùmáù!"

Obìnrin náà tún ìró rẹ̀ ró. "Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

"Bí n kò bá sọ ńkọ́?"

Lassissi kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ń tì í lọ, ìyàwó rẹ̀ lórí rẹ̀, láàárín àwọn igi òrí. Ó ti rò pé ohun ìyanu tó wà ní ọ̀fun kò ju awẹ́ méjì náà lọ, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn pa mọ́ náà ń gbé ibẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nínú àgbàlá rẹ̀, ó pa àgbò ìsọmọlórúkọ ilé Yáyà, aládùúgbò wọn. Nígbà tó dé abẹ́ gògóńgò, ó yọ awẹ́ méjèèjì, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ṣì gbóná. Ajá jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lassissi kò lè jù wọ́n, kò lè jù wọ́n rárá.

"Bàbá Roukayatou!" Láti ilé ìdáná ni. "Kí lẹ gbé lọ́wọ́ yẹn? Ẹ má gbé e wá síbí o! Ẹ̀dọ̀ ti sú mi!"

Ohùn náà já gaara kọjá àgbàlá, ó tinrin, ó mú, bó ṣe rí lọ́dún tí wọ́n fẹ́ ara wọn. Lassissi mọ̀ pé ó yẹ kí òun dáhùn. Ó tẹ́tí, ó dákẹ́, kí Àsùmáù lè tún pe òun.