Ìmọ́lẹ̀ Tó Kan Màmá

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi jẹ́jẹ́!" Aránṣọ ti ìwé síwájú, ó fọwọ́ bojú. Ọ̀la ni ìdánwò ìwọlé sí iléèwé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Ó ti fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sì í gbà kéèyàn ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Òjò ti sọ ọ̀sán di òkùnkùn, ni wọ́n bá tan gílóòbù àárín yàrá. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí òdìkejì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Màmá ò kàwé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀.

"Kí ni wọ́n bi ọ́ tó le tó báyìí, ìyàwó mi?"

"Bí ìgbì iná mànàmáná àti ìgbì òòfà ṣe ga tó nínú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ọgọ́rùn-ún wáàtì, téèyàn bá fi mítà kan jìnnà sí i. Ti iná mànàmáná, ẹ̀yìn ìwé ní 77. Èmi ń rí 275!"

Ó fìbínú fa wáyà gílóòbù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Òjìji bo ẹ̀wà Màmá.

"Háà! Ṣé ìwọ nìkan la tanná fún ni? Àbí òkúta lo fẹ́ kí n sè fún yín?"

Aránṣọ tẹjú mọ́ òjìji náà. Nínú ìṣirò rẹ̀, gbogbo agbára gílóòbù ló ti kó lé ojú kan ṣoṣo, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ò kan òrùlé, ògiri àti Màmá. Ó ya bọ́ọ̀lù ńlá kan yí gílóòbù ká, ó pín agbára rẹ̀ sí gbogbo ara bọ́ọ̀lù náà, ó wá tún un ṣírò. 77! Ó fi ìyára ìmọ́lẹ̀ pín in, ti òòfà náà bá ẹ̀yìn ìwé mu. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Èmi tí mo jìnnà ńkọ́?" Màmá bi í. "Èló ló kàn mí?"

Èyí ò sí nínú ìwé, kò sì sí ìdáhùn tó lè yọjú wò. Ó fi téèpù rẹ̀ wọn ibi gílóòbù dé àga Màmá, ó rí mítà méjì; mítà kan péré ló wà sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó ṣírò.

"Ìlàjì tèmi ni, Màmá. Ti iná mànàmáná àti ti òòfà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìlàjì kẹ̀! Ó yá, wá gbé àga mi sún mọ́ ọn."

Aránṣọ gbé e. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí mi ní kùtùkùtù ọ̀la."

"Jí ọ kẹ̀?" ni Màmá wí. "Ta ló fẹ́ sùn?"