Bọ́ọ̀lù Tí Yóò Dún Dáa

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, ìyàwó atúnaago-ṣe á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Á dá ife tánganran kan dùbúlẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, á to bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù méjì tàbí mẹ́ta sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á wá gbé ọwọ́ lé itan, á máa retí ọkọ rẹ̀. Irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú ilé òde òní mọ́: ẹ̀yìn ló ti máa ń ṣú wá sí iwájú, bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Ọkọ náà ti kú láti ìgbà òjò tó kọjá.

Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín tán tí ìró náà bẹ̀rẹ̀. Gbírí, gbírí, gbírí, bí ohun kékeré kan tó ń yí lórí símẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà, kó! lára ife. Obìnrin náà kò sá. Ẹni tó bá ọkùnrin kan gbé títí irun fi funfun lórí àwọn méjèèjì, kí ló fẹ́ máa sá fún nígbà tí ọkùnrin náà bá wọlé? Ó mọ ẹni tó dé, ó sì mọ ohun tó ń wá.

Etí ni ọkọ rẹ̀ fi jẹun láyé. Wọn á gbé aago tó ti kú wá, á gbé e sétí, á dijú, á ní, "Eyín kan ti kán nínú rẹ̀." Tí wọ́n bá tú u, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n á bá a. Ṣùgbọ́n ogbó kì í mojú ẹnìkan. Etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Aago á máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kò ì ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó tú aago tó dá ṣáṣá palẹ̀ níṣojú ẹni tó ni ín, òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣí i mọ́.

Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan ló fún un ní ọ̀pá gọ́ọ̀fù pé kó máa fi gbádùn ara rẹ̀. Kò dé orí pápá rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni pápá tirẹ̀, ife tánganran ni ihò. Iṣẹ́ kì í sì í fi ara sílẹ̀ bọ̀rọ̀: kàkà kó máa wò ó bóyá bọ́ọ̀lù wọlé, bó ṣe dún ló ń bá a jà. Á ta bọ́ọ̀lù, á yíjú sí ìyàwó rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn etí.

"Báwo ló ṣe dún?"

"Ó gbẹ jù."

Á pòṣé. Á ta òmíràn.

"Eléyìí dún bí ìgbà téèyàn ju òkúta sínú agolo."

Á tún pòṣé. Ó ní bọ́ọ̀lù kan wà láyé yìí tí yóò dún bí aago tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọjọ́ tí òun bá rí i, òun á sinmi.

"Ìsinmi wo?" ni ìyàwó máa ń bi í. "Kí lẹ ti ń ṣe látàárọ̀?"

Kò ra odindi páálí rí. Ó ní ẹni tí kò tíì tọ́ omi wò kì í pọn ọ́n kún ìkòkò. Méjì méjì ló ń rà, oríṣi kan lónìí, oríṣi mìíràn lọ́la: èyí tó le, èyí tó rọ̀, èyí tí kòtò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ jìn, èyí tí kò jìn. Ẹnu ìdánwò yìí ló wà tí ikú fi dé.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù yí nínú òkùnkùn, tó sì kan ife, ẹnu obìnrin náà kò dúró gbàṣẹ. "Ó gbẹ jù," ló sọ. Òṣé kan sì dá a lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó gba ṣọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù lọ.

Tọ́-ọ-wò ni àdúgbò ń pe oníṣọ́ọ̀bù náà, torí òun nìkan ló máa ń tú páálí fún ẹni tí kò fẹ́ rà á tán. Á kó ìwọ̀nba sínú ọ̀rá, á ta kókó sí i lẹ́nu, á ní, "Tọ́ ọ wò ná. Bí kò bá bá ẹ lára mu, irú mìíràn ń bẹ." Kò tíì gbọ́ nípa ikú náà.

"Màmá, bàbá wa ńkọ́?"

Obìnrin náà la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Wọ́n wà nílé. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá irú mìíràn wá."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, tí oṣù fi ń gun orí oṣù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni, ibi tó jìnnà ló sì ń gbé. Ó dé pẹ̀lú àpò òfìfo méjì láti wá kó ẹrù ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan nínú gbogbo ilé yìí, kò dáa. Mo ti tún yàrá yín ṣe lọ́dọ̀ mi. Mo ti ta kọ́tìnnì sí i."

"Ta ló sọ fún ẹ pé èmi nìkan ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyá òun ń ṣàwàdà. Ọjọ́ kejì ló tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Háà! Ọmọ yín rèé! Imú bàbá ló gbé wá," ni Tọ́-ọ-wò pariwo. "Àǹtí, ẹ bá wa kí bàbá o. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò rí irú wọn rí. Ọkùnrin tó ń ṣa ìyàwó pàápàá kò ṣà tó báyìí!"

Nọ́ọ̀sì wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọn ò bá wí.

"Wọ́n á gbọ́," ni ìyá dáhùn. "Fún mi ní ọ̀kan nínú èyí tó le, ọ̀kan nínú èyí tó rọ̀. Àti ẹyọ kan nínú aláwọ̀ ìyeyè yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Wọn ò tíì kọjá igun òpópó tí ọmọ fi dúró gbọnin.

"Màmá, ta ló máa gbọ́?"

"Bàbá ẹ ni."

"Bàbá mi tí a sin?"

"Ṣé ìwọ ní bàbá méjì ni?" Ìyá wá sọ ti bọ́ọ̀lù tó ń yí nírọ̀lẹ́ àti ti òṣé náà fún un.

Nọ́ọ̀sì ti tọ́jú àwọn arúgbó tó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ohùn tó máa ń fi bá wọn lò ló gbé jáde, ohùn tó rọ̀ bí òwú. "Màmá mi, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Láti kékeré mi ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù lè yí fúnra rẹ̀."

"Ilẹ̀ náà ló tún ń pòṣé?"

Ọmọ gba ọ̀rá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ òní," ni ìyá wí. "Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, lọ́la ni màá bá ẹ lọ. Bó bá jẹ́ bàbá ẹ ni, ọjọ́ tó bá rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni màá bá ẹ lọ. Mi ò lè fi í sílẹ̀ kó máa táràrà nínú òkùnkùn, láìsí ẹni tó máa bá a gbọ́."

Nọ́ọ̀sì gbà, bí èèyàn ṣe máa ń gbà fún aláìsàn.

Wọ́n jókòó. Ìmọ́lẹ̀ kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gbéra, gbírí, gbírí, kó!

"Ó gbẹ jù," ni ìyá sọ sínú òkùnkùn.

Òṣé.

Nọ́ọ̀sì di ìyá rẹ̀ lápá mú. Òṣé yẹn kò ṣàjèjì sí i. Òun náà ni bàbá rẹ̀ máa ń pa nígbà tí òun bá mú èsì ìdánwò ìṣirò wálé. Kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́.

Ìkejì gbéra.

"Ó rọ̀ jù. Ó dún bí ìbọ̀sẹ̀ tó já bọ́ sílẹ̀."

Òṣé.

Ó wá kan bọ́ọ̀lù ìyeyè. Eléyìí kò yí bí àwọn yòókù. Ìró rẹ̀ wẹ́, ó tẹ̀léra, ó ń lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, bí inú aago tó ti kú tí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Nígbà tó kan ife, gbogbo ilé dáhùn. Kò pọ̀ jù, kò kéré jù.

Kò sí òṣé. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń retí kí wọ́n sọ fún un.

"Màmá." Nọ́ọ̀sì fa apá ìyá rẹ̀. "Òun nìyẹn. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ẹ sọ fún wọn, wọn ò lè gbọ́ ọ fúnra wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Ìyá la ẹnu. Ní gbogbo ọdún tó fi ń bá ọkùnrin yìí gbọ́ ìró, kò fi irọ́ kan tàn án rí. Nígbà tó tú aago aláago palẹ̀ pàápàá, òun ló sọ fún un pé, "Olówó orí mi, aago yẹn ń ṣiṣẹ́ kẹ́ẹ tó fọwọ́ kàn án." Ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí fún ẹni tó gbé odó mì. Ó rántí yàrá tó ní kọ́tìnnì tuntun. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀, ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, tí ohunkóhun kò ní yí nínú rẹ̀. Kò rí i, ṣùgbọ́n ó mọ̀ dájú pé nínú òkùnkùn yẹn, ẹnìkan fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn etí.

"Kò dáa," ló wí. "Ẹ tún gbìyànjú lọ́la."

Òṣé wá dé nígbẹ̀yìn. Ó gùn, ó rẹlẹ̀, bí òṣé ẹni tó ti wọ bàtà tán, tó ti di ilẹ̀kùn mú, tí wọ́n wá ní kó padà jókòó.

"Ẹ purọ́ fún wọn," ni ọmọ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo purọ́."

Ní àárọ̀, nọ́ọ̀sì gbé àpò òfìfo rẹ̀ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, kò sì lè wo ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé ibi ọkọ̀, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, aláwọ̀ ìyeyè ńkọ́?" ni Tọ́-ọ-wò bi í. "Èmi ti ní ìyẹn ni bàbá máa mú!"

"Wọ́n ní kì í ṣe òun."

"Háà, bàbá yìí á pa mí! Èwo lẹ wá fẹ́ báyìí?"

"Èwo ni kò dáa jù nínú gbogbo ohun tó o ní?"

Ọkùnrin náà rò pé òun ṣì í gbọ́. Ó tọ́ka sí páálí kan tó ti gba eruku lẹ́yìn pẹpẹ. "Ìwọ̀nyẹn? Màmá, ẹ má rà á o. Wọ́n ń dún bí igi gbígbẹ."

"Fún mi ní méjì níbẹ̀."

Ó wọ́sẹ̀ lọ sẹ́yìn pẹpẹ, ó ń kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà dúró jẹ́ẹ́. Ó ti di bọ́ọ̀lù ìyeyè náà mọ́ etí aṣọ ìró rẹ̀, ní ìbàdí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀ kó má baà dún.