Bí Afẹ́fẹ́ Ṣe Rí

Alọ́dà tún fi aṣọ gbígbẹ nu ògiri náà, ó sì sún mọ́ ọn wò. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Àwọn nǹkan wínníwínní kan ń gbọ̀n lójú ọ̀dà funfun tó ti gbẹ láti àná, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, bí èèrà tó gbọ́ òórùn ṣúgà.

Ó mọ̀ pé kò sí èèrà níbẹ̀. Bí ó bá yíjú sí fèrèsé, wọ́n á bá a dé ojú fèrèsé. Bí ó bá dijú, wọ́n á máa jó lọ nínú òkùnkùn. Ó mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọwọ́ akunlé? Ibi tí ojú bá ti rí àbàwọ́n ni ọwọ́ ń lọ.

"Ṣé ògiri yẹn bú ọ ni?" Ohùn kan bú jáde láti òkè àkàbà. "Tó o bá tún nù ún, awọ rẹ̀ á bó!"

Ariwo ni, ẹnìkejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ iṣẹ́ ilé kíkùn, wọn ò sì tíì pínyà láti ìgbà náà. Wọ́n ń pè é ní Ariwo nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bó bá ń sọ àṣírí, àwọn tó wà nílé kẹta á gbọ́ ọ.

Tẹ́lẹ̀, Alọ́dà ló ń gun òkè. Ìlà tó bá fà síbi tí ògiri ti pàdé àjà máa ń gún bí okùn tí wọ́n fà le, òun gan-an ni àwọn onílé sì ń tìtorí rẹ̀ wá wọn kiri. Ilẹ̀ ni Ariwo ń dúró sí ní tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù òkè ń bà á. Àfi ọjọ́ tí òòyì gbé Alọ́dà lórí àkàbà, tí yàrá náà yí po bí ọ̀dà tí wọ́n ń fi igi rò nínú korobá. Ariwo ló gbá a mú láti ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ariwo ti fòfin dè é: ẹsẹ̀ Alọ́dà kò gbọdọ̀ kan àkàbà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń gùn ún. Ó ń gùn ún, ó ń gbàdúrà, ó ń kọrin, ó sì ń bú ẹni tó kọ́kọ́ kan àkàbà láyé.

Ìlà Ariwo kò gún. Àwọn méjèèjì rí i, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́.

Bí ẹ̀fọ́rí lásán ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí náà lọ, àwọn wínníwínní náà jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ni òòyì dé, tí ilẹ̀ á kàn ṣàdédé máa mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ó lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì ojú. Onígíláàsì ní ojú rẹ̀ ń ka lẹ́tà tó kéré jù lára pátákó òun. Ó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára. Dókítà kan ní àárẹ̀ ni, kó lọ sùn. Ó sùn, ó jí, wọ́n jọ jí ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní ìrònú ló fà á, Alọ́dà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú gidigidi nípa bí kò ṣe ní máa ronú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀. Ó ń fi sínú, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwòsàn ńlá fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀. Òní ni dókítà yóò sọ ohun tó rí. Wọ́n ní kó má dá wá. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe tán láti bá a lọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ gbọ́, ló bá fárí gá. "Ṣé ọkọ rẹ ló bí ọ ni?" Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe tán.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí bàbá náà fi yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń kùn, ó dé fìlà, ó gbé ìgò tíì rẹ̀ há abíyá. Bàbá Onítírélà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀.

"Ẹ káàsán o, Bàbá!" Ariwo pariwo láti òkè. "Tí mo bá já bọ́ níbí, ẹ fi tírélà gbé mi lọ sílé o!"

"Tírélà ti fẹ̀yìn tì, ọmọ mi. Rọra di àkàbà mú."

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ bàbá náà kò sinmi. Bí awakọ̀ bá ti fẹ́ yà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀, yóò sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀mí gbogbo èrò là. Alọ́dà rẹ́rìn-ín. Òun náà kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé yàrá ìdúró, ẹ̀rín náà gbẹ. Iná funfun gbọọrọ wà lórí àjà, tàìlì ilẹ̀ ń dán, ògiri funfun, aṣọ nọ́ọ̀sì funfun. Gbogbo ibẹ̀ ń hó. Àwọn wínníwínní náà bo ojú àwọn tó jókòó, wọ́n bo ojú aago ara ògiri. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó di apá aṣọ bàbá rẹ̀ mú.

Bàbá náà ṣí ìgò, ó da tíì sínú ìdérí, ó sì nà án sí i. "Mu ún. Òòyì kì í fẹ́ràn ẹni tó yó."

Alọ́dà mu ún. Tíì náà dùn jù bí ti àtẹ̀yìnwá.

"Bàbá," ó sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó lè dá a dúró, "tó bá jẹ́ pé ojú mi ń lọ ńkọ́?"

Bàbá náà dé ìgò rẹ̀ pa dáadáa. "Níbo ló ń lọ tí kò ní mú èmi dání?"

Nígbà náà ni wọ́n pè wọ́n.

Obìnrin kúkúrú kan ni dókítà náà, ó wọ bàtà eré ìdárayá, ó sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kí bàbá náà dáadáa kó tó jókòó. Ó gbé àwòrán orí Alọ́dà sójú ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ dúdú àti eérú, bí àwọsánmà tí wọ́n là sí méjì.

"Mo ti wò ó tinú tẹ̀yìn," ó ní. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Bàbá Onítírélà gbé orí sókè. "Kò sí nǹkan kan nínú orí ọmọ mi?"

"Ọpọlọ wà níbẹ̀, Bàbá. Ọpọlọ pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Àrùn ni kò sí."

"Ẹ bá ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀."

Ó yẹ kí ayọ̀ kún inú Alọ́dà. Ẹ̀rù ohun tó rò pé ó ń hù nínú orí òun ti kúrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo tó ti lọ ni wọ́n ti sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Ó gbójú sókè láti dúpẹ́, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

Dókítà pa àwòrán náà. Ó yí àga rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti Alọ́dà. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé àwòrán. Ohun tí ẹ ń rí, bí ẹ ṣe ń rí i gan-an ni kí ẹ sọ fún mi. Ẹ má kánjú."

Kò sí ẹni tó ti bi í báyìí rí. Wọ́n ti bi í bóyá ojú ń dùn ún, bóyá ó ń sùn, bóyá òun àti ọkọ rẹ̀ ń jà. Ó gbé ojú sí ògiri tó wà lẹ́yìn dókítà.

"Ó dà bí òjò," ó ní. "Òjò wínníwínní, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn ò tíì mọ̀ bóyá òjò ni. Àmọ́ kì í bọ́ sílẹ̀. Ó kàn ń gbọ̀n níwájú gbogbo nǹkan. Mo lè rí yín, mo rí bọ́tìnnì aṣọ yín, mo rí gbogbo ẹ̀; òun náà ló wà láàárín wa. Tí mo bá wo ògiri funfun, á pọ̀ sí i. Tí mo bá wo sánmà, àwọn kan á máa sáré bí kòkòrò iná. Tí mo bá sì wà nínú òkùnkùn, òkùnkùn gan-an á máa hó."

Dókítà ń mi orí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà gbẹnu sí i.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́." Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹlòmíràn kì í rí i?"

Alọ́dà yíjú sí i kíákíá.

"Bàbá," ni Alọ́dà wí, "kí ni ẹlòmíràn kì í rí?"

"Ohun tí o sọ yìí. Òjò tí kì í bọ́ sílẹ̀." Ó na ọwọ́ síwájú, ó sì mì ín lọ mì ín bọ̀ bí ẹni tó ń fọwọ́ pa aṣọ. "Ìgbà ọmọdé mi ni mo ti ń rí i. Mo ń rí i báyìí. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni. Àní, mo rò pé bí afẹ́fẹ́ ṣe rí nìyẹn."

Dókítà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí bàbá má bínú, ẹ̀rín náà kò gbọ́. Alọ́dà wo bàbá rẹ̀, ó wo ojú pupa arúgbó yẹn tó ti gba gbogbo ọ̀nà kọjá, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Gbogbo ọdún tí ẹ fi wa ọkọ̀, Bàbá?" ni dókítà béèrè nígbà tó rí ohùn sọ.

"Ọkọ̀ ni mò ń wò, n ò wo afẹ́fẹ́."

"Ṣé òòyì kì í kọ́ yín?"

"Èyí tó kọ́ mi gbẹ̀yìn ni ti ọjọ́ tí mo gbéyàwó."

"Màmá kò sì sọ fún yín pé àwọn kì í rí i?"

"Ta ní máa ń béèrè afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀?"

Dókítà nu ojú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Ó ní nǹkan náà lórúkọ. Yìnyín ojú ni wọ́n ń pè é. Kì í fọ́ èèyàn lójú. Ojú ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọpọlọ ló ń gbọ́ ariwo tó yẹ kó pa mọ́, bí rédíò tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró láàárín ìkànnì méjì, tó kàn ń hó ṣáá. Ẹlòmíràn, bíi bàbá, á gbé e wáyé, kò sì ní mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan. Ẹlòmíràn, ẹ̀fọ́rí túúlu, èyí tó máa ń fọ́ apá kan orí, á jí nǹkan náà lọ́jọ́ kan, òòyì á sì tẹ̀ lé e, nítorí pé àwọn mẹ́ta náà máa ń jọ rìn.

"Ti túúlu àti òòyì, a máa ṣiṣẹ́ lé e lórí," ó ní. "Oògùn wà, màá sì kọ́ yín ní eré ìdárayá ọrùn àti ojú. Gíláàsì aláwọ̀ á dín ìmọ́lẹ̀ funfun kù fún yín. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn wínníwínní yẹn lè má lọ."

Alọ́dà dúró kí ọ̀rọ̀ náà gún un. Kò gún un. Ó béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ jù. "Ṣé mo lè gun àkàbà?"

"Ẹ jẹ́ kí òòyì kọ́kọ́ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Àwọn onílé á dúró dè yín."

Wọ́n ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Kò tíì gbé e sétí tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi gbọ́ ohùn Ariwo.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ó lórúkọ!" Alọ́dà kò mọ̀ pé òun náà ń pariwo. "Ariwo, ó lórúkọ!"

"Ta ló bímọ?"

Nọ́ọ̀sì kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ kí wọn kú oríire, bàbá náà sì ń dá a lóhùn bí ẹni tó bímọ lóòótọ́. Nígbà tí Ariwo lóye ọ̀rọ̀ náà tán, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Alọ́dà kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gan-an, pé òun ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, kí òun lè rí ibi jókòó sunkún.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀. Sánmà mọ́ kedere, kò sí àwọsánmà kan. Alọ́dà pe ọkọ rẹ̀, ó sọ fún un, ọkọ rẹ̀ ń kígbe ayọ̀, ó ń bi í lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta bóyá lóòótọ́ ni. Nígbà tó fi fóònù sápò, ó rí i pé bàbá rẹ̀ ti gbé ojú sókè.

"Tèmi ń lọ sápá ọ̀tún," bàbá náà sọ. "Tìrẹ ńkọ́?"

Alọ́dà wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo àwọn wínníwínní náà láìfẹ́ kí wọ́n kúrò. "Tèmi ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n kàn ń jó ni."

"Hm. Ara wọn yá."

Nígbà tí Alọ́dà wà ní kékeré, bí bàbá rẹ̀ bá ti ìrìn àjò dé, yóò gbé àga síta, yóò sì jókòó, yóò kọjú sí sánmà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá rẹ̀ á ní kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo wọn rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni. Wọ́n á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́, wọ́n á sì fi òun àti ohun tó ń wò sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé. Awakọ̀ náà fọn fèrè, ó wò wọ́n, ó mirí, ó sì lọ. Kò sí ẹni tó ké sí i nínú wọn.

"Bàbá," ni Alọ́dà wí, "kí lẹ tún máa ń rí?"

Bàbá Onítírélà kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sún láti fún un láyè, ó sì wúkọ́ díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa gùn.