Òkú Kì Í Sùn Lábà

"Ẹ má fi ọkọ́ kan ilẹ̀ yẹn o! Mo ní ẹ má fi kàn án!"

Ọládépò onílẹ̀ ló ń pariwo. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà Sẹ̀gilọlá, kí àwọn ọkùnrin abà má bàa ráyè wọlé gbẹ́ sàréè. Inú yàrá ni òkú Ògúnbáyọ̀ ọkọ rẹ̀ wà. Ibà ló pa á láàárọ̀ yẹn. Wọn ò tilẹ̀ kí opó kú ọ̀fọ̀. Irú èèyàn wo nìyẹn!

"Òkú kì í sùn lábà," Ọládépò ní. "Ẹ gbé e lọ sí ìlú yín."

"Ìlú wo, bàbá?" Sẹ̀gilọlá bi í. "Ṣebí ẹ mọ̀ pé ogun ti tú ìlú wa."

"Ẹ gbé e wá sí Ìwó ìlú wa nígbà náà. Àyè wà lẹ́yìn odi."

Kò sí ará abà tí ọ̀rọ̀ náà ò yé. Bàbá Ọládépò ló fi àfonífojì odò Ọbà yìí lọ̀ wọ́n nígbà tó jẹ́ igbó kìjikìji. Wọ́n ṣán an, ahéré méjì di agboolé mẹ́jọ, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ojú irin òyìnbó ti dé, ilẹ̀ gbówó lórí, ojú onílẹ̀ sì yí padà. Ibi tí èèyàn bá sin òkú rẹ̀ sí ni ilé rẹ̀. Bí Ògúnbáyọ̀ bá lọ sùn ní Ìwó, kí gbogbo wọn di ẹrù ló kù.

"Ọmọ mi, jẹ́ ká gbà fún wọn," Bàbá Oyèdèjì, àgbà abà, bẹ̀ ẹ́. "Àlejò ni wá."

"Àwọn ọmọ yín tí ẹ bí síbí ńkọ́, bàbá? Àlejò ibo ni wọ́n?" Sẹ̀gilọlá fi ìbínú bi í.

Obìnrin kì í gbẹ́ sàréè ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin abà, ó fi èjìká gbún Ọládépò kúrò lọ́nà, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Ojú ti àwọn ọkùnrin. Bàbá Oyèdèjì ló kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

"Ẹ sin ín o!" Ọládépò ń bú ramúramù níta. "Lọ́la la ó hú u, odò Ọbà la ó jù ú sí!"

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Sẹ̀gilọlá tẹ́ ẹní sórí sàréè náà, ó sì jókòó lé e.

"Ibí ni mo ń sùn, bàbá," ó ké sí Ọládépò níta. "Bí ẹ bá dé lọ́la, èèyàn méjì lẹ ó gbé jù sódò."