Mọ́tò Aláwọ̀ Ọrùn Ẹyẹlé

Nígbà tí wọ́n ti mọ́tò náà jáde sínú oòrùn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀kùn òsì rẹ̀ kò bá ara yòókù mu. Ara yòókù ń dán bí ọrùn ẹyẹlé: àwọ̀ ewé níbi tí oòrùn ti kọjú sí i, elésè àlùkò níbi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn òsì dá dúró gedegbe bí àlejò tó ṣìnà wọ àárín mọ̀lẹ́bí. Níbi tó yẹ kó ti jẹ́ ewé, àlùkò ni. Níbi tó yẹ kó ti jẹ́ àlùkò, ewé ni.

Ọmọ Télọ̀ wò ó, ó tún un wò. Ó gbé ọwọ́ lérí, ó sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Máfọwọ́kàn ti rí i ná. Òun ni àgbà nínú àwọn tó ń wọ mọ́tò láṣọ ní ilé iṣẹ́ náà. Ìkìlọ̀ tó máa ń jù lu gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ láṣọ ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀kan.

"Ọmọ Télọ̀, ta ló gé ilẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni, bọ̀dá."

"Báwo lo ṣe gé e?"

"Mo gé e ní ìbú. Mi ò fẹ́ fi rọ́bà ṣòfò."

Máfọwọ́kàn wọlé lọ, ó fa páálí kan yọ nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, irú èyí tí wọ́n máa ń ya kúrò lẹ́yìn rọ́bà kí gọ́ọ̀mù tó lè mú. Ó na ìka sí àwọn ọfà tíntìntín tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Gbogbo wọn ló kọrí síbì kan náà.

"Kí lo rò pé ìwọ̀nyí wà fún?"

"Mo rò pé òǹtẹ̀ àwọn tó ṣe é ni."

"Òǹtẹ̀," ni Máfọwọ́kàn wí. "Ó dáa. Òǹtẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́."

Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń wọ mọ́tò láṣọ níbẹ̀, àwọn mọ́tò eré ìje tí ara wọn rí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ tí ohùn wọn sì ń bú bí ẹranko. Ṣùgbọ́n irú rọ́bà tó ń pa àwọ̀ dà yìí ní ìwà tirẹ̀. Inú rẹ̀ ní èérún irin kíkúnná tó dùbúlẹ̀ síbì kan náà, bí irun orí tí a yà. Bí a bá gé ègé kan ní òòró tí a gé èkejì ní ìbú, àwọn méjèèjì kò ní dáhùn sí oòrùn bákan náà láéláé. Lábẹ́ iná inú ilé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Oòrùn ló ń tú u fó.

Kì í ṣe pé Ọmọ Télọ̀ ya ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló kó bá a. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, aṣọ ilé-ìwé ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń rán. Nínú ilé wọn, bí ẹnikẹ́ni bá dá aṣọ tí èyí tó ṣẹ́kù bá ju àpò kan lọ, wọ́n á bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Dá a ní òòró, dá a ní ìbú, ṣáà ti rí i pé o kò fi ṣòfò. Òfin tó mú dé ẹnu iṣẹ́ nìyẹn.

Ọdún méjì ló ti fi ń di garawa àti ọṣẹ mú nínú àgbàlá, tó ń fọ mọ́tò kí àwọn ọ̀gá tó wọ̀ ọ́ láṣọ. Bó bá ń fọ̀ ọ́, ojú inú rẹ̀ á ti kùn ún: dúdú bí omi inú kànga, pupa bí ojú ọ̀run kí òjò tó dé. Ó máa ń ya àwọn àwọ̀ náà sẹ́yìn páálí. Oṣù tó kọjá ni ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì ayàwòrán, lẹ́bàá fèrèsé, fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ wá pe Ọmọ Télọ̀, ó ní, "Mọ́tò Ẹ̀fúùfù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá wù ú, tábìlì yẹn ti di tìẹ. Bí kò bá wù ú, garawa rẹ kò tíì lọ síbì kan."

Ẹ̀fúùfù ni obìnrin tó ń wa mọ́tò náà. Ó ti fi ẹ̀yìn han ọ̀pọ̀ ọkùnrin lójú eré. Lọ́jọ́ tó gbé mọ́tò náà wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: "Mi ò fẹ́ àwòrán. Mi ò fẹ́ iná tó ń jó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé nìkan." Mọ́tò méjì mìíràn sì wà nílé rẹ̀ tó ń dúró de bí èyí bá ṣe rí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni eré ìje. Aago mẹ́rin ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yìí gan-an ló sọ pé òun á wá gbé e.

Rọ́bà ti tán. Ọ̀nà jíjìn ni irú rẹ̀ ti ń wá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àjákù tó kù nílẹ̀ kò tó wọ ilẹ̀kùn kan.

Ọ̀gá jáde wá, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo Ọmọ Télọ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago mẹ́rin," ló wí, ó sì padà sínú ọ́fíìsì. Ìbá sàn kó bú u.

Ọmọ Télọ̀ lọ sẹ́yìn ilé, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ohùn rẹ ń gbọ̀n," ni ìyá rẹ̀ wí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Kí lo bà jẹ́?"

Ó ṣàlàyé. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Àrán nìyẹn."

"Rọ́bà ni, Màmá."

"Mo ní àrán ni. Bó o bá fọwọ́ ra àrán sísàlẹ̀, á dán. Bó o bá rà á sókè, á ṣú. Ẹni tí kò mọ̀ ló máa ń dá apá kan sókè tó máa ń dá èkejì sísàlẹ̀."

"Ẹ ò kọ́ mi nìyẹn rí."

"Ta ló gbé àrán wá fún wa rí, nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn?" Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ó ṣe mí rí, kí wọ́n tó bí ọ. Aṣọ ìyàwó tuntun kan ni. Apá òsì ṣú, apá ọ̀tún ń dán, aṣọ sì ti tán."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá àjákù tó kù, mo dá ọrùn rẹ̀ sódì bíi ti apá òsì, mo dá etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àṣìṣe bá dá wà, àṣìṣe ni. Bó bá ti ní ẹgbẹ́, àrà ló ń jẹ́. Ọ̀rẹ́ ìyàwó yẹn mẹ́rin ló wá dáṣọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ purọ́ fún un, Màmá."

"Aṣọ ni mo rán fún un. Fi mí sílẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi."

Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ọmọ Télọ̀ nu ojú rẹ̀, ó padà síwájú mọ́tò náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó di ojú, ó pe ẹyẹlé kan wá sí ọkàn rẹ̀. Ọrùn ẹyẹlé kì í ṣe pẹrẹsẹ bí abọ́. Ìyẹ́ ni. Ìyẹ́ kan lé ìyẹ́ kan, olúkúlùkù sì ní ọ̀nà tó gbà dùbúlẹ̀. Ó fa páálí kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.

Nígbà tó gbé e fún Máfọwọ́kàn, ìyẹn wò ó títí. "O fẹ́ gé ìyẹ́ nínú rọ́bà kan náà, o fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà kan náà. Àwọ̀ kan lórí ara rẹ̀. Ta ló máa rí i?"

"Oòrùn, bọ̀dá."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ti ń pọ̀ jù." Ṣùgbọ́n ó ti ń wá abẹ rẹ̀. "Bí wọ́n bá máa dá ẹ padà sídìí garawa, kí wọ́n ṣáà rí i pé a mọ̀ ọ́n gé."

Àjákù tí kò tó ilẹ̀kùn kan tó ìyẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àwọn ti iwájú kò ju ìka lọ. Bí wọ́n ṣe ń lọ sẹ́yìn ni wọ́n ń gùn sí i, títí èyí tó kángun sí ìdí mọ́tò fi gùn tó apá. Èyí tó máa lọ sí ara mọ́tò, wọ́n gé e ní ìbú. Èyí tó máa lọ sí ilẹ̀kùn òsì, wọ́n gé e ní òòró. Máfọwọ́kàn ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i kó lè rọ̀, Ọmọ Télọ̀ ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ara mọ́tò ti rọ́. Ìka rẹ̀ méjì jó. Kò tilẹ̀ kà á sí.

Inú ilé ni wọ́n ti ṣe é, nítorí eruku. Nígbà tí wọ́n lẹ ìyẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n sún sẹ́yìn wò ó lábẹ́ iná. Wọn kò rí ohunkóhun. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára mọ́tò náà, ó dán, ó sì tẹ́jú. Wọ́n fẹ́ tì í síta lọ wò ó, àmọ́ Ẹ̀fúùfù ti wọlé.

Obìnrin kúkúrú ni, kì í rẹ́rìn-ín wọ ibi iṣẹ́. Ó yí mọ́tò náà po lábẹ́ iná, ó tẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

"Ó dáa. Ohun tí mo béèrè náà nìyí. Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Ọ̀gá ti mú bírò jáde. Máfọwọ́kàn fi ẹsẹ̀ tẹ Ọmọ Télọ̀ lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ni pé: panu mọ́. Tábìlì lẹ́bàá fèrèsé kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Bó bá dákẹ́, ó ti jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lójú gbogbo èrò, oòrùn á sọ ohun tí òun kò sọ. Oòrùn kì í báni pa àṣírí mọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká tì í síta ná."

Ọ̀gá di bírò náà mú lófuurufú. Wọ́n ti mọ́tò náà.

Imú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sínú oòrùn, ìyẹ́ kékeré mẹ́ta sì là lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àlùkò nínú ewé. Lẹ́yìn náà márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Bí mọ́tò náà ṣe ń jáde ni àwọn ìyẹ́ náà ń jí, wọ́n ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀kùn òsì, wọ́n yí padà, ewé nínú àlùkò, bí ẹyẹ tó ká ìyẹ́ apá mọ́ra. Ilẹ̀kùn tó jẹ́ àlejò láàárọ̀ ti di olórí ilé.

Máfọwọ́kàn gan-an na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án.

"Mo ní mi ò fẹ́ àwòrán," ni Ẹ̀fúùfù wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Àwọ̀ yín náà ni, ọ̀nà tó gbà dùbúlẹ̀ ló yàtọ̀. Mo gé ilẹ̀kùn òsì sódì. Èmi ni, kì í ṣe ẹlòmíì. Rọ́bà ti tán, mo bá ní kí n wá ẹgbẹ́ fún un."

Ẹ̀fúùfù tún wo ilẹ̀kùn náà. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí Ọ̀gá. "Ẹ bá mi wà á yí àgbàlá yìí ká. Inú rẹ̀ ni mo máa ń wà. Mi ò mọ ohun tí àwọn tí mo bá fi sílẹ̀ máa ń rí."

Ọ̀gá wà á jẹ́jẹ́. Níbi tó ti ṣẹ́rí, gbogbo ìyẹ́ náà pa àwọ̀ dà lẹ́ẹ̀kan náà, láti imú dé ìdí, bí ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ kọjá lórí oko. Ẹ̀fúùfù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kí àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró.

"Ẹ̀yìn mi ni wọ́n á máa wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin," ló wí. "Ó tọ́ kí n fún wọn ní nǹkan wò." Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí ìwé lórí òrùlé mọ́tò náà. "Méjì yòókù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó gé ilẹ̀kùn sódì ni kó gé wọn."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kó àwọn páálí àtijọ́ kúrò lórí tábìlì ayàwòrán. Máfọwọ́kàn fi aṣọ ìnulẹ̀ nu àga, ó tẹrí ba. "Ẹ jókòó, ọ̀gá wa. Ṣé kí n bá yín gbé garawa yín wá?"

"Ẹ gbé e sínú àgbàlá, bọ̀dá," ni Ọmọ Télọ̀ wí. "Bí mo bá nílò yín, màá tẹ aago."

Máfọwọ́kàn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ọmọ Télọ̀ dúró sídìí irin tí wọ́n fi ṣọgbà yí ojú eré náà ká, láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Ní ìyípo tó gbẹ̀yìn, mọ́tò kan là jáde níwájú gbogbo yòókù, ó sì kọjá fìrì.

"O rí aláwọ̀ ewé yẹn?" ni ọkùnrin kan wí fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó dúró sí.

"Ewé wo? Elésè àlùkò ni."

"Ìwọ obìnrin yìí, mo ní ojú méjèèjì."

"Lo wọ́n nígbà náà."

Ọmọ Télọ̀ kò dá sí i. Wọ́n ń ju àsíá fún Ẹ̀fúùfù lọ́hùn-ún. Ó gbé àgbọ̀n lé orí irin náà, ó ń retí kí mọ́tò náà rọra yí padà wá kí ìjà tọkọtaya náà lè tún le sí i.