Ọkùnrin Tó Kẹ̀yìn sí Àwòrán

Ìyá Aránṣọ ni olóòtú Ojú Àdúgbò, ìwé ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kì í gbowó iṣẹ́ lórí ẹ̀. Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà, bẹ́ ẹ bá bá òwú nínú ìròyìn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ìròyìn kankan ò gbọdọ̀ lọ sílé ìtẹ̀wé àfi tí Tíṣà, ọkọ Ìyá Aránṣọ, bá kà á sókè létí gbogbo wọn. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì.

Lóṣù yẹn, gọ́tà àdúgbò dí, omi ń wọ ilé onílé, wọn ò sì mọ ẹni tó ń da ìdọ̀tí sí i. Tíṣà ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí!"

Ìyá Aránṣọ gbè é lẹ́sẹ̀: "Kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá mi!" Ó ṣáà gbàgbé láti sọ bó bá jẹ́ ọkọ ńkọ́.

Onígbàjámọ̀ tó ń bá wọn ya àwòrán ló mú àwòrán kan dé. Ọkùnrin kan kẹ̀yìn sí wọn, ó ń da àpò sínú gọ́tà. Ojú ẹ̀ ò hàn. Àmọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ hàn, Ìyá Aránṣọ ló sì lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ nígbà tí ìṣó fà á ya. Ó yára dojú àwòrán náà délẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Kí ni mo fẹ́ mọ̀ lẹ́yìn ọkùnrin?"

Ó ti àwòrán náà sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tún fà á yọ. Bó bá bò ó mọ́lẹ̀, ta ló tún máa gba ìwé ìròyìn wọn gbọ́? Bó bá sì gbé e jáde, ojú wo ló fẹ́ fi wo ọkọ ẹ̀ nílé? Ó dùn ún gan-an. Síbẹ̀, ó kọ ìròyìn náà.

Lọ́jọ́ kíkà, Tíṣà fi awò sójú, ó sì gbóhùn sókè. "Ọ̀bàyéjẹ́ tó ń fi omi lé wa kúrò nílé rèé!" Ó ń kà á tagbáratagbára títí ojú ẹ̀ fi bọ́ sórí àwòrán. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, olówó orí mi. Ẹ má bínú."

Tíṣà fa bírò yọ. "Ìròyìn yìí ò pé. Ẹ ò sọ ẹni tó jẹ́." Ó kọ ọ́ sí i: ọkọ olóòtú ni. Omijé bọ́ lójú Ìyá Aránṣọ. Ọkọ ẹ̀ wù ú lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó lọ.

"Ó tún ku nǹkan kan," ni Tíṣà wí. "Onígbàjámọ̀, kí ló ń jáde nínú àpò yẹn?"

Onígbàjámọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Àjákù aṣọ ni, bàbá."

"Àjákù aṣọ! Èmi ò tiẹ̀ ka ìyẹn sí ìdọ̀tí. Ta ló ń gé aṣọ ládùúgbò yìí? Ta ló ń ké láràárọ̀ pé, 'Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi da èyí nù'? Ṣé ó bi mí rí pé ibo ni mò ń dà á sí?"

Ìyá Aránṣọ wolẹ̀. Àjákù aṣọ bo ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé kí n kọ ọ́ sí i?" Bírò ṣì wà lọ́wọ́ Tíṣà.

Ìyá Aránṣọ bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó tún gèlè ẹ̀ wé, ó gbé àpò àjákù dání.

"Ẹ kọ ọ́. Àmọ́ ìwọ Onígbàjámọ̀, iwájú ni kó o ti ya tèmi o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀yìn nìkan ni ìdílé wa ní."