Ọwọ́ Lórí Èjìká

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayọ̀ ṣe ń rí lójú ọmọ ènìyàn, ì bá wo Sàídátù, ọmọ Làsísì télọ̀, ní ìparí ọdún 1958, nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dà, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní àdúgbò wọn ní Agége, òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí yóò kàwé dé ibẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, òmíràn ti pọn ọmọ kejì. Bàbá rẹ̀ ló dúró tì í. Nígbà tí àwọn ará ilé ń sọ pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, Làsísì fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọkọ sí Sàídátù létí títí yóò fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ló kàn. Ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ láyé kò ju kó di tíṣà lọ, kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa dìde kí i bó bá wọ kíláàsì.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Olúfọlákẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ onígbàgbọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn méjèèjì máa ń ṣeré jáde. Wọn á wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Ìkẹjà, wọn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà pápá ọkọ̀ òfurufú, wọn á ra gúgúrú àti ẹ̀pà, wọn á sì máa jiyàn bóyá ẹni tó bá wà lókè lọ́hùn-ún lè rí òrùlé ilé bàbá ẹni. Nígbà mìíràn wọn á fẹsẹ̀ rìn dé Onígbòǹgbò láti kí ìyá àgbà Olúfọlákẹ́. Ó parí. Àwọn tó ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ìṣekúṣe ni àwọn ọmọbìnrin Mọ́dà ń bá kiri kò mọ̀ pé gúgúrú ni gbogbo ìṣekúṣe náà.

Àṣà wọn ni pé bí kíláàsì kan bá fẹ́ jáde, gbogbo wọn á ya fọ́tò. Ọ̀dọ̀ Àkànjí ni wọ́n lọ, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè. Nígbà tó ya gbogbo wọn tán, Olúfọlákẹ́ fò sókè, ó ní olórí ọmọkùnrin àti olórí ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ ya tiwọn lọ́tọ̀. Sàídátù ni olórí àwọn ọmọbìnrin. Olórí àwọn ọmọkùnrin ni Moses, ọmọ onítìjú kan tí kì í lè wo obìnrin lójú tó bá ń yá a ní rúlà.

Àkànjí mọ fọ́tò yà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí a ń gbà to ọkùnrin àti obìnrin. Ọkùnrin á jókòó, obìnrin á dúró tì í, á gbé ọwọ́ lé e léjìká, òdòdó oníbébà á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí gbogbo tọkọtaya Agége ṣe ń yà á nìyẹn lọ́jọ́ Iléyá àti lọ́jọ́ Kérésìmesì.

"Bọ̀dá, ẹ jókòó. Sístà, ẹ dúró síbí. Ẹ gbé ọwọ́ lé e léjìká."

"Èjìká rẹ̀, sà?" Sàídátù bèèrè.

"Bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn. Àbí ẹ fẹ́ kó dà bíi pé ẹ jọ ń jà ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Sàídátù rọra gbé ọwọ́ lé Moses léjìká bí ẹni ń fọwọ́ kan ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Òógùn bo Moses. Iná kámẹ́rà kọ mànà, ó tán.

Fọ́tò náà wá jáde, ó dára ju bó ti yẹ lọ. Ojú Sàídátù ń dán, ẹ̀rín rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọrùn rẹ̀ gún. Àkànjí kò rí irú rẹ̀ yà láti ọjọ́ pípẹ́, ló bá fi í sínú àpótí onígíláàsì tó gbé síta láti fi pe oníbàárà. Sàídátù kò bínú. Kí ló máa bínú sí? Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò rán an sí ọ̀nà rélùwéè, kó lè tún ojú ara rẹ̀ rí nínú gíláàsì. Kò wá sí i lọ́kàn pé ojú ẹlòmíràn náà ń wo ibẹ̀.

Suara, ọmọ ìlú wọn, ló kọ́kọ́ rí i. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ta ló nílò ìwé láti ka fọ́tò? Ọkùnrin jókòó, obìnrin dúró, ọwọ́ wà léjìká. Ó gba ọ̀dọ̀ Làsísì lọ, ó bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ kú oríire o, Làsísì. Ẹ ti fọmọ fọ́kọ, ẹ ò pè wá."

"Ọmọ wo?"

"Sàídátù ńkọ́? Òun àti ọmọ onígbàgbọ́ kan ni wọ́n gbé sójú títì, ní ọ̀nà rélùwéè. Gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń sọ̀ nínú ọkọ̀ ló ń rí wọn."

Làsísì dìde, ó lọ wò ó. Ìyá Sàídátù ló sọ èyí fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán. Ó ní nígbà tí baálé òun dé, kò jẹun, ó kàn ń yọ fìlà, ó ń dé e. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò ní dá a lẹ́bi ìtìjú tó mú un. Ẹni tó ti bá gbogbo ilé jà nítorí ìwé ọmọ rẹ̀, tí wọ́n wá ń fi ọmọ náà bú u lójú ọ̀nà, ojú á tì í. Ṣùgbọ́n ọmọ wà nínú ilé. Wọ́n jọ ń gbé òrùlé kan. Kò pè é kó bi í.

Nùréènì ni Làsísì ránṣẹ́ pè. Oníṣòwò obì ni Nùréènì ní Dọ̀pẹ̀mú, ó máa ń di obì sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ó ti tọrọ Sàídátù rí, Làsísì sì dá a lóhùn pé ọmọ òun ń kàwé. Òun náà ti rí fọ́tò. Ó ní bí wọ́n bá fún òun báyìí, òun kò ní rántí ohun tí ojú òun rí. Làsísì gbà.

Sàídátù kò mọ nǹkan kan. Ohun tó rí kò ju pé bàbá rẹ̀ wá ń ṣe jẹ́jẹ́ sí i. Ó pè é, ó fi tépù wọ̀n ọ́n, ó rán kaba aláwọ̀ wúrà kan fún un tí kò sí irú rẹ̀ nínú kíláàsì wọn. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń wọ̀n ọ́n, á máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọrùn rẹ̀ tún ti gùn bíi ti lékeléke. Lọ́jọ́ náà kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan.

"Bàbá, ṣé ti ọjọ́ ìjáde wa ni?"

"Tìrẹ ni," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì doríkọ ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo kíláàsì sì fẹ́ lọ sìn ín ní Ìkẹjà. Sàídátù wá gbàṣẹ. Ó ti múra láti bẹ̀bẹ̀, kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ dé àárín.

"Máa lọ," bàbá rẹ̀ wí. "Má kánjú bọ̀."

Láti ìgbà tí Sàídátù ti mọ bàbá rẹ̀, "tètè bọ̀" ló máa ń wí. Ó rò pé torí pé òun ti dàgbà ni.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn wọ kóòtù òtútù nínú oòrùn, òógùn ń dà lójú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń sunkún bí ẹni pé wọ́n fẹ́ lọ sin ín. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. Nígbà tó kan Sàídátù, ó ní, "Nígbà tí mo bá dé, tíṣà ni kí n bá ọ o." Ọkọ̀ òfurufú gbéra, Olúfọlákẹ́ ń ju áńkáṣíìfù sókè, Sàídátù sì ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi wọnú ìkùukùu lọ. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jẹ gúgúrú.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Agége nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Ásárì tán. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, Alfa Sànní arúgbó dúró pẹ̀lú àwo obì gbànja, ó ń pín in fún ẹni tó ń kọjá.

"Obì ayọ̀ nìyí. Ẹ gbà, kí ẹ bá wa ṣe àmín."

"Yìgì ta ni ẹ so, Alfa?" Sàídátù bèèrè.

Alfa rẹ́rìn-ín títí, eyín rẹ̀ tó kù hàn síta. "Ọmọ yìí mà mọ ẹ̀fẹ̀ o! Gbà, jẹ ẹ́."

Sàídátù bá a rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ó gba obì, ó pín in pẹ̀lú Olúfọlákẹ́, ó rún un lẹ́nu. Ó wá kúnlẹ̀, ó ṣe àdúrà bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa: "Ọlọ́run á fi alùbáríkà sí i. Ìyàwó ò ní kábàámọ̀." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Ẹnì kan nínú wọn tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, àwọn obìnrin ilé hó yèè. "Ìyàwó dé! Ìyàwó Nùréènì!" Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àfi Olúfọlákẹ́, tó ti la ẹnu sílẹ̀. Lórí ẹní nínú yàrá, wọ́n ti tẹ́ kaba aláwọ̀ wúrà náà, ìbòrí funfun sì wà lórí rẹ̀.

Ó bá bàbá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, kò rán aṣọ kankan.

"Bàbá, ẹ ṣèlérí."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ ba ìlérí jẹ́. Ṣé mo rán ọ níwèé kó o lọ ya fọ́tò ìyàwó pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíràn?"

Sàídátù wò ó, kò yé e. Olúfọlákẹ́ ni ó kọ́kọ́ yé. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ní kí wọ́n yà á. Olórí ọkùnrin àti olórí obìnrin ni wọ́n. Gbogbo kíláàsì wà níbẹ̀. Àkànjí ló ní kó gbé ọwọ́ lé e."

Làsísì ń yọ fìlà, ó ń dé e. "Sàídátù, kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, Bàbá."

Ìyá rẹ̀, Sùlíyá, tí kì í gbóhùn sókè sí ọkọ rẹ̀, sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n ti so yìgì, gbogbo àdúgbò ti jẹ obì. Bàbá tó bá lọ tú u lójú ẹsẹ̀ á di ẹni yẹ̀yẹ́, Làsísì sì ti bẹ̀rù yẹ̀yẹ́ débi tó dé yìí. Ohun tó lè ṣe kò ju pé ó lọ bá Nùréènì ní Dọ̀pẹ̀mú ní ọjọ́ kejì, ó ní kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí ọmọ náà ṣe ìdánwò kó tó wá. Nùréènì kì í ṣe ènìyàn búburú, ó fún un ní àga, ó fún un ní omi.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìyàwó mi kò ní lọ jókòó níbi tí ọmọkùnrin yẹn wà. Ẹ̀yin náà kúkú rí fọ́tò."

Ní Mọ́ńdè, wọ́n pe orúkọ Sàídátù Làsísì nínú yàrá ìdánwò. Moses wolẹ̀. Olúfọlákẹ́ ní kò wá, ó sì fi orí lé tábìlì.

Nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó tán, Nùréènì mú un lọ ya fọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù Àkànjí náà ni. Òun ló mọ̀ ọ́n yà jù. Àga kan náà, òdòdó oníbébà kan náà. Nùréènì jókòó. Kí Àkànjí tó la ẹnu, Sàídátù ti lọ dúró sí àyè rẹ̀, ó ti gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ léjìká.

"Ẹ wò ó," Àkànjí wí, inú rẹ̀ dùn, "ẹ̀yin kúkú ti mọ̀ ọ́n. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, sístà, bíi tìjọ́sí."

Sàídátù kò rẹ́rìn-ín. Àkànjí dúró, ó dúró, nígbà tó sú u, ó yà á bẹ́ẹ̀. Nítorí pé Nùréènì fẹ́ kí gbogbo ayé rí i, Àkànjí yọ ti Moses kúrò nínú àpótí onígíláàsì, ó fi tuntun sí àyè rẹ̀. Èyí kò dára tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kankan tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó tún lọ bá Làsísì nítorí rẹ̀.